Kí Ni Owó Praíféètì Ń Rà ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba?

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama Nọ́ọ̀sì. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, ní ìpá (hernia). Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń fọwọ́ tì í padà, wọ́n sì tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tí a lọ ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì dá ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án fún wa. Bí a ṣe ń jáde, nọ́ọ̀sì kan ní tí a bá gba praíféètì nínú ilé ìwòsàn yẹn náà, dókítà yẹn náà á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Àbúrò bàbá mi ní rìbá ni. Màmá mi ní àwọn ò ní gbé ọkọ àwọn lọ síbi tí gbogbo ayé á ti máa wò ó. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni ká ṣe?"

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti ta ilẹ̀ tán ni wọ́n máa ń wá bá mi. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ìjọba, láàárín Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Mo ṣe wọ́ọ̀dù gbogbogbò, mo ṣe tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ọdún mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ni mo sì fi jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù praíféètì. Mo mọ ohun tó ń já ọ láyà. Ẹ̀ ń rò ó pé tẹ́ ẹ bá gba wọ́ọ̀dù gbogbogbò, wọ́n á pa bàbá tì sí kọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kó owó ńlá sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan lẹ kàn sọ di olówó. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù méjèèjì ò nídìí, torí mo ti rí èyí, mo sì ti rí tọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń pè ní praíféètì yìí, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pípa tá a pa wọ́n pọ̀ ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Èkíní ni wọ́ọ̀dù praíféètì ti ilé ìwòsàn ìjọba fúnra rẹ̀: ìjọba ló ni yàrá, ìjọba ló ni bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwòsàn ló dá iye owó, àpò ilé ìwòsàn ló sì yẹ kó wọ̀. Kì í ṣe nǹkan ìkọ̀kọ̀. UCH ní Ìbàdàn, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, ní irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá tó ti ibẹ̀ wo àwòkọ́ṣe náà ní in. Èkejì ni kílíníkì tí dókítà ìjọba dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sáàárín ìlú, tó ń yà sí lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni láàbù, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, tí oníṣòwò kan gbé wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn lábẹ́ àdéhùn. Aláìsàn á rò pé ti ìjọba ni, ìgbà tó bá rí iye owó ni ojú rẹ̀ á là. Ẹ̀kẹrin ni ilé ìwòsàn tí kò bá ìjọba da nǹkan kan pọ̀, bí ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tó jẹ́ ti ìjọ Adventist. Èkíní ni nọ́ọ̀sì yẹn fi lọ̀ yín. Èkejì ló wà lọ́kàn àbúrò bàbá rẹ.

Ṣé rìbá wá ni? Èkíní kì í ṣe rìbá, tí owó bá gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Èkejì ló ní ẹjọ́ nínú. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, òfin kan jáde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, bíi dókítà, má ṣe iṣẹ́ àdáni. Nígbà tó yá, wọ́n tú okùn yẹn díẹ̀ fún àwọn dókítà. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 tún wá sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún kò gbọdọ̀ ṣe òwò tàbí iṣẹ́ mìíràn fún ara rẹ̀ àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn dókítà ò sì tíì yéé jiyàn lórí bí gbólóhùn yẹn ṣe kan dókítà. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé dókítà kò gbọdọ̀ fi wákàtí iṣẹ́ ìjọba ṣe ti ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ máa yí aláìsàn ìjọba lọ sí kílíníkì rẹ̀. Fún ìwọ tó ò kà nípa òfin, ibi tí owó ń gbà ni kó o wò. Kó gba ọ̀dọ̀ kaṣíà tàbí báńkì, kí risíìtì jáde lórúkọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ ohun tẹ́ ẹ san fún sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó o fi ránṣẹ́ sí àkántì òun, tàbí tó ní "ẹ mú un wá, màá bá yín fún ọ̀gá," àbúrò bàbá rẹ ti fún ìyẹn lórúkọ tó bá a mu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò parọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn, NHS, sílẹ̀ ní 1948, àwọn dókítà àgbà fàjùro. Lára ohun tí Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà fi tù wọ́n nínú ni pé wọ́n lè máa tọ́jú àwọn tó ń sanwó lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ìjọba. Ìjà bẹ́ẹ̀dì olówó yẹn ò parí síbẹ̀. Ní nǹkan bí 1975, Barbara Castle, mínísítà mìíràn, fẹ́ kó wọn kúrò pátápátá, àwọn dókítà sì fárígá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí kò gba praíféètì kì í san owó iṣẹ́ abẹ rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá á sanwó ní wọ́ọ̀dù gbogbogbò náà: owó káàdì, owó àyẹ̀wò, owó dírípù, owó ìbọ̀wọ́, títí dórí okùn tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́. Owó tó kéré àti owó tó pọ̀ lẹ̀ ń yàn láàárín wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn òbí rẹ á sì rántí. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí, nígbà tó ń darí Ìwọ̀-Oòrùn, sọ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ di ọ̀fẹ́. Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe gómìnà wa láti 1979 sí 1983, ìlera ọ̀fẹ́ sì wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN fi ń polongo. Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, wọ́n fẹnu kò sí i pé kí aláìsàn máa san lára owó oògùn, kí oògùn má baà tán nílé ìwòsàn. Ní 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè wọn tún ṣèlérí ní Àbújá pé àwọn á máa ya ìdá 15 nínú 100 ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa ò débẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọn ò fún lówó tó, tí gẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń mu dísù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, àfi kó wá ẹni tó lè san. Ohun tó mú wọ́ọ̀dù praíféètì gbilẹ̀ nìyẹn.

Kí wá ni ẹ̀ ń rà níbẹ̀? Nǹkan mẹ́ta: yàrá, ọwọ́ dókítà àgbà, àti ọjọ́. Yàrá yé gbogbo èèyàn. Ti ọwọ́ dókítà àgbà ni pé ní wọ́ọ̀dù gbogbogbò, pàápàá nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà bíi OOUTH ní Ṣàgámù, orúkọ ọ̀gá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ àgbà lè jẹ́ ẹni tó máa la ara, tí ọ̀gá á dúró tì í tàbí kó wà nítòsí. Ní praíféètì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ lẹ sanwó fún. Èyí máa ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìpá. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ abẹ́ yẹn ń ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀ nìyẹn. Mo ti dúró ti àwọn kan tí ọwọ́ wọn mọ́ ju ti ọ̀gá wọn lọ. Ká ní iṣẹ́ abẹ tó ṣọ̀wọ́n ni, màá sọ̀rọ̀ míì. Àwọn ohun yòókù ńkọ́? Tíátà kan náà ni, dókítà akunnilóorun kan náà, báńkì ẹ̀jẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kan náà. Tí iná bá lọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti lọ. Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ láago méjì òru, dókítà tó máa sáré dé ni ọmọ abẹ́ yẹn tó sùn sínú ọgbà, ì báà jẹ́ yàrá olówó ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí lórí yàrá. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án, wọ́n gbé wọn sí yàrá kẹrin ní wọ́ọ̀dù praíféètì, ọmọ wọn sì sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́tìnnì wà nílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n sanwó fún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ fún yàrá méje lóru yẹn, torí ẹnì kejì mi ti bá aláìsàn kan lọ sí láàbù. Mo ti wo ìyá láago mọ́kànlá, ara wọn dáa. Nígbà tí mo padà wọlé, òórùn ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i tó ń kán láti etí fóòmù sórí táìsì. Ìyá ò pariwo, oorun oògùn ṣì wà lójú wọn. Páìnì ẹ̀jẹ̀ méjì la fà sí wọn lára kí ilẹ̀ tó mọ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: wọ́ọ̀dù gbogbogbò ní ojú ogún. Ká ní ibẹ̀ ni ìyá wà, obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì ì bá ti pariwo "Nọ́ọ̀sì o!" kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ilẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn bo yàrá mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ń dìde tọ̀ nígbà mẹ́rin lóru, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ́ọ̀dù sì wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, lè ṣubú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń dàrú ní ibi tí kò mọ̀ nílò ẹnì kan tó máa sùn tì í, wọ́ọ̀dù gbogbogbò kì í sì í sábà gbà kí ará ilé sùn síbẹ̀. Tí bàbá bá wà nínú irú èyí, owó yàrá kì í ṣe àṣehàn. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n, ìwọ lo lè sọ ọ́.

Ọjọ́ ni ohun kẹta, òun ló sì máa ń dùn mí jù. Dókítà iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tíátà tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn dókítà akunnilóorun ò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ti jápa. Ọwọ́ iṣẹ́ tí ọjọ́ kan lè gbà kò ju mẹ́rin sí márùn-ún. Tí wọ́n bá wá ki ẹni tó sanwó bọ orí ìlà láàárọ̀, ẹnì kan á já bọ́ nísàlẹ̀. Mo rántí ìyá kan tó ń yan gààrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ta àpò gààrí méjì kó tó rí owó oògùn kó jọ. Ó ti gbààwẹ̀ láti alẹ́ àná, ó ti wọ aṣọ tíátà, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti aago méje pẹ̀lú bíbélì lọ́wọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n rán mi sí i pé kó lọ jẹun, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Orúkọ tó wọlé láàárọ̀ yẹn, praíféètì ni. Ìyá ò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi, ṣé ẹ óò bá mi tọ́jú dírípù mi?" Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣe é fún un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé e lọ bá ọ̀gá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Àwọn ilé ìwòsàn kan ń ṣe ti praíféètì lọ́jọ́ Sátidé tàbí lẹ́yìn iṣẹ́, tí gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá dúró ṣe é á gba ìpín tirẹ̀. Èyí ni mo fara mọ́, torí kò gba àyè ẹnikẹ́ni. Ó tún ń dá àwọn dókítà wa dúró. Ṣàgámù wà ní oríta ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Bìní, Èkó ò jìnnà, àwọn kílíníkì Èkó sì ń fi owó fa àwọn dókítà yìí lọ́wọ́. Tí ilé ìwòsàn ìjọba ò bá jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kún owó oṣù wọn nínú ọgbà, ọwọ́ yẹn á kúrò lórí bàbá rẹ àti lórí ìyá elégààrí pátápátá. Nítorí náà, ó tọ́ kó o béèrè lọ́wọ́ wọn pé: "Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é yẹn, ṣé lórí ìlà gbogbogbò ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Kì í ṣe àfojúdi.

Ó wá ku ti bàbá gan-an. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì tíì fọwọ́ kan bàbá, nítorí náà tiwọn ló borí tèmi. Ṣùgbọ́n ìpá tó ṣì ń padà wọlé tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ kì í sábà kánjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kì í ṣe ikú. Kí wọ́n yé gbé ẹrù tó wúwo, kí wọ́n tọ́jú ikọ́ tó bá wà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìgbẹ́ máa le. Tí ìpá bá le gbandi lọ́jọ́ kan tí kò padà mọ́, tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń bì tàbí tí ikùn wọn wú, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kankan, ẹ má ṣe wá praíféètì, ẹ gbé wọn lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì kí wákàtí tó pọ̀, torí ìfun lè kú sínú rẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ ló wà fún un, tàbí méjèèjì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún yín ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá lè sọ owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di òfo. Tí wọ́n bá wọn ọ́n láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ tó sì tó 180 lé 110, dókítà akunnilóorun máa ń sún iṣẹ́ tí kò bá kánjú síwájú ni. Mo ti rí àwọn tó sanwó yàrá, tó sùn síbẹ̀, tí wọ́n sì padà sílé láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn tó láti fi oògùn mú un wálẹ̀ dáadáa. Bákan náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá bàbá wà nínú ètò ìdánilójú ìlera (health insurance), ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin 2022 ti sọ di dandan fún gbogbo wa, tàbí ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́ọ̀dù gbogbogbò ni àwọn ètò yìí ń san owó fún. Tẹ́ ẹ bá gba praíféètì, ẹ̀yin lẹ máa fi àlékún rẹ̀ kún un.

Tó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, tí wọn ò sì ní ìṣòro òru tí mo sọ lókè, màá gba wọ́ọ̀dù gbogbogbò, màá sì tọ́jú ìyókù owó fún oògùn ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ àti mọ́tò tó máa gbé wọn padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó láìfi ọ̀kadà ṣe é. Bá mi sọ fún màmá pé wọ́ọ̀dù ọkùnrin yàtọ̀, wọ́n máa ń fi kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ojú ọgbẹ́, ojú tí wọ́n sì ń sá fún yẹn lè wúlò fún ọkọ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sórí praíféètì, tí owó rẹ̀ ò sì ní ju yín nù sínú gbèsè, ẹ gba risíìtì, ẹ béèrè iye nọ́ọ̀sì tó máa wà lóru, kí ẹnì kan jí tì wọ́n ní òru àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ohun tó kù kí n fi lé ọ lọ́wọ́ ni pé kó o ra ìwé kékeré kan lónìí, kó o máa kọ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mú un dání lọ bá dókítà yẹn tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.